The Color Purple ti ọdún 1985: ìbéèrè tí àwọn òǹwòran kì í yé béèrè, àti ìdáhùn wọn

Gbogbo ìgbà tí mo bá jókòó wo fíìmù yìí pẹ̀lú àwọn ènìyàn, ìbéèrè kan náà ló máa ń jáde lẹ́nu wọn. Mo kó wọn jọ síbí. Ẹni tí kò bá tíì wò ó rárá, kó lọ wò ó ná, nítorí mo sọ bó ṣe parí.

Irú fíìmù wo ni?

Fíìmù Amẹ́ríkà ni, ó jáde ní oṣù Kejìlá ọdún 1985. Steven Spielberg ló darí rẹ̀, ó sì lé ní wákàtí méjì àbọ̀. Ìtàn Celie ló sọ, ọmọbìnrin adúláwọ̀ kan ní ìgbèríko Georgia. Ọkùnrin tó ń pè ní bàbá fipá bá a lò pọ̀ láti kékeré, ó bímọ méjì fún un, wọ́n sì gba ọmọ méjèèjì lọ́wọ́ rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ó fà á lé ọkùnrin kan tí ìyàwó rẹ̀ ti kú lọ́wọ́. Nínú ìwé, ọkọ náà tilẹ̀ bèèrè bóyá wọ́n ṣì máa fi màlúù kún un.

Ọdún 1909 ni ìtàn náà bẹ̀rẹ̀, ó sì rìn wọ inú àwọn ọdún 1930. Georgia ni wọ́n fi ìtàn náà sí, ṣùgbọ́n North Carolina ni wọ́n ti ya èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀.

Ta ló kọ ọ́? Ṣé ó ṣẹlẹ̀ lóòótọ́?

Ìwé ìtàn àròsọ tí Alice Walker gbé jáde ní 1982 ni wọ́n sọ di fíìmù. Wọ́n bí Walker ní 1944 ní Eatonton, Georgia, sí ìdílé àgbẹ̀ tó ń dáko lórí ilẹ̀ onílẹ̀. Ìwé yìí gba ẹ̀bùn Pulitzer ní 1983, Walker sì ni obìnrin adúláwọ̀ àkọ́kọ́ tó gba ẹ̀bùn náà fún ìtàn àròsọ.

Kì í ṣe ìtàn ẹnì kan pàtó, ṣùgbọ́n Walker bù nínú ọ̀rọ̀ ìdílé rẹ̀. Ó ṣàlàyé pé ẹ̀gbọ́n òun obìnrin ló sọ fún òun nípa obìnrin méjì tí wọ́n mọ ara wọn nítorí ọkùnrin kan ṣoṣo, ìyàwó ilé àti àlè. Lọ́jọ́ kan, ìyàwó ilé ní kí èkejì fún òun ní pátá rẹ̀ kan. Láti inú ọ̀rọ̀ kékeré yẹn ni ìtàn Celie àti Shug, olórin tó jẹ́ àlè ọkọ rẹ̀, ti hù.

Àwọn wo ló ṣeré nínú rẹ̀?

Whoopi Goldberg ni Celie nígbà tó dàgbà, Desreta Jackson sì ni Celie ọmọdé. Danny Glover ni Mister, ọkọ Celie, Margaret Avery ni Shug, Willard Pugh ni Harpo, ọmọ Mister. Oprah Winfrey ni Sofia. Kò tíì ṣe fíìmù rí, orí tẹlifíṣọ̀n ní Chicago ni Quincy Jones, olórin tó wà lára àwọn tó ṣe fíìmù náà, ti rí i. Ẹ wo orúkọ ọkọ Sofia nínú eré, Harpo: tí ẹ bá kà á láti ẹ̀yìn, Oprah ni. Akosua Busia tó ṣe Nettie, àbúrò Celie, jẹ́ ọmọ Kofi Busia tó ti ṣe olórí ìjọba Ghana rí.

Orin tí Shug kọ fún Celie nínú ilé ijó ńkọ́? Ṣé ohùn Margaret Avery ni?

Rárá o. Táta Vega ló kọ ọ́, Avery ń yánu sí i ni. Quincy Jones, Rod Temperton àti Lionel Richie ló jọ kọ orin náà.

Kí ló dé tí Celie ń pe ọkọ tirẹ̀ ní Mister?

Àwọn ìyá wa náà kì í pe ọkọ ní orúkọ. Bàbá Bọ́lá ni, tàbí olówó orí mi. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ wa kì í fi fura sí i níbẹ̀rẹ̀ fíìmù, a rò pé ọ̀wọ̀ ni. Ṣùgbọ́n ìyàwó tó ń pe ọkọ ní Bàbá Bọ́lá mọ orúkọ rẹ̀, ó mọ oríkì rẹ̀, ó sì mọ ìgbà tó yẹ kó fi oríkì náà pè é. Ọjọ́ tí Shug dé tó ń ké sí ọkùnrin náà ní Albert, Celie kọ́kọ́ ń rò ó pé ta ni wọ́n ń pè ní Albert.

Nínú ìwé, wọn kò tilẹ̀ kọ orúkọ ìdílé rẹ̀ sílẹ̀, ìlà òfìfo ni wọ́n fà síbẹ̀. Ọ̀gá ni ọkùnrin yìí jẹ́ sí i. Ẹ fetí sílẹ̀ dáadáa lápá ìparí fíìmù, ẹ ó rí i pé bí ẹ̀rù ṣe ń kúrò lára Celie ni ohùn tó fi ń bá a sọ̀rọ̀ ń yí padà.

Kí ló dé tí kò tètè sá lọ?

Ìbéèrè yìí ni mo ń gbọ́ jù, òun ló sì máa ń dùn mí jù. Ibo ni yóò sá lọ? Ilé tó ti wá ni ilé ẹni tó fipá bá a lò pọ̀. Ìyá rẹ̀ ti kú. Kò ní kọ́bọ̀ lọ́wọ́. Nettie ló ń kọ́ ọ ní ìwé kíkà, tó ń kọ orúkọ nǹkan mọ́ nǹkan nínú ilé kí ojú rẹ̀ lè mọ̀ ọ́n, ni Mister bá lé Nettie jáde, nítorí ó kọ̀ fún un nígbà tó fẹ́ fipá mú un nínú igbó.

Àbí kó lọ fẹjọ́ sùn ni? Ní Amẹ́ríkà ìgbà yẹn, kò sí ìpínlẹ̀ kankan tí òfin ti ka ìfipábánilòpọ̀ sí ẹ̀ṣẹ̀ bó bá jẹ́ ọkọ ló ṣe é sí aya. Àwọn ọdún 1970 ni òfin yẹn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yí padà, ó sì di 1993 kó tó kárí gbogbo àádọ́ta ìpínlẹ̀. Ọlọ́pàá òyìnbó tí ì bá lọ bá ló lu Sofia bolẹ̀ ní gbangba ọjà.

Èyí tó wà nínú orí rẹ̀ ló tún wá burú jù. Ẹni tí wọ́n ti ń sọ fún láti ọmọ ọdún mẹ́rìnlá pé òun kò já mọ́ nǹkan, ìgbà tó bá yá, òun fúnra rẹ̀ ni yóò máa bá wọn sọ ọ́. Celie sọ fún Sofia pé ayé yìí ò ní pẹ́ parí, ọ̀run ni ayérayé. Ẹ ò ha mọ ohùn yẹn? Ohùn tí wọ́n fi ń sọ fún obìnrin pé kó mú un mọ́ra nítorí ọmọ ni. Sofia dá a lóhùn pé kó kọ́kọ́ fọ́ Mister lórí ná, kó tó wá ro ti ọ̀run.

Nísinsìnyí, bí ẹnikẹ́ni bá bi mí ní ìbéèrè yìí, èmi náà á bi í pé: ta ló ṣílẹ̀kùn fún Celie? Ọjọ́ tí Shug sọ lórí tábìlì oúnjẹ pé Celie ń bá àwọn lọ sí Memphis, ọjọ́ náà gan-an ló lọ. Kò tún sùn síbẹ̀ mọ́.

Kí ló dé tí Celie, tó mọ bí ìyà ṣe ń dunni, fi ní kí Harpo máa lu ìyàwó rẹ̀?

Harpo fẹ́ràn Sofia gan-an. Bàbá rẹ̀ ló ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé ìyàwó ń darí rẹ̀. Ó wá bi Celie léèrè ohun tó yẹ kí òun ṣe, Celie sì ní kó lù ú. Kí ló tún mọ̀ yàtọ̀ sí ìyẹn? Ohun tí ojú rẹ̀ rí nílé ọkọ nìyẹn, òun ló sì mọ̀ ní ìgbéyàwó. Mo rò pé ìlara wà níbẹ̀ pẹ̀lú: Sofia ń rìn káàkiri ilé bí ẹni tó ni ara rẹ̀, ìyẹn sì lè dun ẹni tí kò ní ara rẹ̀.

Ẹ wo bí Sofia ṣe la àárín oko àgbàdo kọjá lọ bá a. Kò pariwo púpọ̀. Ó sọ fún un pé gbogbo ọjọ́ ayé òun ni òun fi ń jà, pé òun bá bàbá òun jà, òun bá àwọn ẹ̀gbọ́n àti àbúrò òun ọkùnrin jà, òun ò sì mọ̀ pé òun ṣì máa jà nínú ilé òun. Ojú Celie wálẹ̀. Ibẹ̀ ló ti kọ́kọ́ yé e pé ohun tí wọ́n ń ṣe sí òun kì í ṣe bí ayé ṣe gbọ́dọ̀ rí.

Ìran yìí ni mo máa ń dá dúró nígbà tí a bá ń wò ó lápapọ̀, nítorí ìyá ọkọ wà láàárín wa, ẹ̀gbọ́n ọkọ wà láàárín wa.

Ẹ̀ṣẹ̀ wo ni Sofia ṣẹ̀ tó fi dèrò ẹ̀wọ̀n?

Ìyàwó olórí ìlú, òyìnbó tí wọ́n ń pè ní Miss Millie, rí i pé àwọn ọmọ Sofia mọ́ tónítóní, ó sì ní kó wá ṣe ọmọ ọ̀dọ̀ fún òun. Sofia kọ̀, ó sì là á mọ́lẹ̀ fún un. Ọkọ obìnrin náà gbá a létí, Sofia sì dá a padà. Ohun tó ṣe kò ju ìyẹn lọ. Wọ́n lù ú títí ojú rẹ̀ kan fi bàjẹ́, wọ́n jù ú sẹ́wọ̀n, nígbà tó sì jáde, irun rẹ̀ ti funfun. Iṣẹ́ ọmọ ọ̀dọ̀ tó kọ̀ náà ni wọ́n wá fi dá a lọ́rùn.

Ẹni tí kò gbà kí ọkọ lu òun, ìjọba ló wá lù ú. Ìdí nìyẹn tí n kò fi gbà pẹ̀lú àwọn tó ń sọ pé ọkùnrin dúdú nìkan ni fíìmù yìí dá lẹ́bi. Ẹ rántí ọjọ́ Kérésì tí Miss Millie fi mọ́tò gbé e lọ sọ́dọ̀ àwọn ọmọ rẹ̀ lẹ́yìn ọdún gbọọrọ. Obìnrin náà kò mọ mọ́tò yí padà, àwọn ọkùnrin dúdú wá ràn án lọ́wọ́, ó fi igbe ta pé wọ́n fẹ́ gbéjà ko òun, ó sì ní kí Sofia wá bá òun padà sílé kíá. Sofia kò tíì jókòó dáadáa.

Kí ló dé tí Celie fi ń fi ọwọ́ bo ẹnu tó bá fẹ́ rẹ́rìn-ín?

Inú mi máa ń dùn tí ẹnì kan bá ṣàkíyèsí èyí, nítorí ibẹ̀ ni kókó fíìmù náà wà lójú tèmi. Ẹni tó ń pè ní bàbá ló sọ fún un pé ẹ̀rín rẹ̀ burẹ́wà. Láti ọjọ́ yẹn ni ọwọ́ rẹ̀ ti ń lọ bo ẹnu. Ẹ wá ka gbogbo ohun tí wọ́n ṣe sí ẹnu yìí: wọ́n ní kó má sọ ohun tí wọ́n ṣe sí i fún ẹnikẹ́ni àfi Ọlọ́run, Mister ní kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan àpótí lẹ́tà, ó sì kó gbogbo lẹ́tà Nettie pamọ́ sábẹ́ pátákó ilẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Wọ́n ń lù ú, lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ni wọ́n ń gbà lẹ́nu rẹ̀. Àwọn àgbà wa ní ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́.

Shug ló mú un lọ síwájú dígí, tó fa ọwọ́ náà kúrò lẹ́nu rẹ̀. Celie fẹ́ dá a padà, Shug tún fà á kúrò. Nígbà tó yá, àwọn méjèèjì bú sẹ́rìn-ín, eyín Celie sì hàn síta.

Ìran abẹ: ṣé lóòótọ́ ló fẹ́ pa á? Kí sì ni ilà ojú ń wá níbẹ̀?

Bẹ́ẹ̀ ni, ó fẹ́ pa á. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ rí àwọn lẹ́tà ni, ó ti mọ̀ pé àbúrò òun wà láàyè, pé àwọn ọmọ òun wà pẹ̀lú rẹ̀ ní Áfíríkà, àti pé ọkùnrin yìí mọ̀. Mister jókòó, ó gbé ọrùn sókè, ó ní kó fá irùngbọ̀n òun. Celie ń pọ́n abẹ. Ọjọ́ àkọ́kọ́ tó ní kó fá a, nígbà tí Celie ṣì kéré, ó kìlọ̀ fún un pé tó bá gé òun lára, òun á pa á. Báyìí, ọwọ́ ọmọ náà kò gbọ̀n mọ́. Shug ló fura láti òkèèrè tó sáré dé, tó di ọwọ́ náà mú.

Bí abẹ ṣe ń sún mọ́ ọrùn Mister ni wọ́n ń fi ojú àwọn ọmọ Olinka hàn, tí wọ́n ń kọ ilà fún wọn. Kò sí ẹ̀yà Áfíríkà tó ń jẹ́ Olinka láyé, Walker ló dá a sílẹ̀, Kenya sì ni wọ́n ti ya apá yìí. Ibí ni mo ti máa ń bá Spielberg jà. Ọmọ Yorùbá mọ ilà: pélé, àbàjà, gọ̀mbọ́. Ó mọ̀ pé ìdílé ni ilà ń sọ, kì í sọ ìpànìyàn. Fíìmù náà mú ìlù àti ẹ̀jẹ̀ ṣe ẹ̀rù, kò sì sọ ìdí. Ìwé sọ ọ́: ilé iṣẹ́ rọ́bà ti gba ilẹ̀ Olinka, Tashi, ọmọbìnrin Olinka kan, wá kọ ilà kí ohun kan lè ṣẹ́ kù tí í ṣe tiwọn. Adam ọmọ Celie, tó fẹ́ fẹ́ ẹ, kọ ilà sójú ara rẹ̀ pẹ̀lú, kí ojú má baà ti Tashi lóun nìkan.

Ṣé ìfẹ́ ló wà láàárín Celie àti Shug, àbí ọ̀rẹ́ lásán?

Ìfẹ́ ni. Nínú ìwé, olólùfẹ́ ni wọ́n, Walker kò sì fi bò rárá. Fíìmù náà dín in kù sí ìfẹnukonu kan ṣoṣo. Spielberg fúnra rẹ̀ ti gbà nínú ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò, lọ́pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà, pé ojú ló ń ti òun.

Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ nínú wa ni ọ̀rọ̀ yìí kì í rọ̀ lọ́rùn. Àmọ́ ẹ má fò ó. Shug ni ẹni àkọ́kọ́ tó fọwọ́ kan Celie láìfi ṣe é léṣe.

Ṣé lóòótọ́ ni pé kò gba Oscar kankan?

Lóòótọ́ ni. Wọ́n dárúkọ rẹ̀ nígbà mọ́kànlá, ó lọ sílé lọ́wọ́ òfo. Wọn ò tilẹ̀ dárúkọ Spielberg láàárín àwọn olùdarí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹgbẹ́ àwọn olùdarí ní Amẹ́ríkà fún un ní ẹ̀bùn tiwọn lọ́dún yẹn. Fíìmù tó gba ipò kìíní lọ́dún náà ni Out of Africa, ìtàn obìnrin òyìnbó tó ní oko ní Kenya. Whoopi gba Golden Globe.

Kí ni ìyàtọ̀ tó wà láàárín rẹ̀ àti ti ọdún 2023?

Ti 2023 jẹ́ eré olórin. Eré orí ìtàgé tó bẹ̀rẹ̀ ní Broadway ní 2005 ni wọ́n gbé e kà. Ọmọ Ghana, Blitz Bazawule, ló darí rẹ̀, Fantasia Barrino sì ni Celie. Whoopi yọjú fírí bí agbẹ̀bí. Ti 1985 ni kí ẹ kọ́kọ́ wò.

Ṣé fíìmù yìí kò ba orúkọ ọkùnrin dúdú jẹ́?

Wọ́n ti ń sọ èyí láti ọjọ́ tó ti jáde. Àwọn kan gbé pátákó ìfẹ̀hónúhàn níwájú ilé sinimá ní Los Angeles. Ìbẹ̀rù wọn ní ìdí: Hollywood ti pẹ́ tó ti ń fi ọkùnrin dúdú hàn bí ẹranko, òyìnbó ló sì tún darí èyí. N kò ní pe ẹni tó bá ń bẹ̀rù bẹ́ẹ̀ ní òmùgọ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ wo àwọn ọkùnrin náà dáadáa. Bàbá Mister ló kọ̀ fún un láti fẹ́ Shug tó fẹ́ràn. Nígbà tí bàbá náà wá sílé wọn, tó jókòó tó ń bú Shug, Celie tutọ́ sínú omi tó gbé fún bàbá ọkọ mu. Harpo kì í ṣe oníjà. Bàbá ló ń tì í láti di oníjà, Sofia ló sì máa ń dá batani sí i lójú. Lílù yìí ń sọ̀ kalẹ̀ láti ọwọ́ bàbá sí ọmọ, fíìmù náà sì fi ojú rẹ̀ hàn. Ó sì jẹ́ obìnrin dúdú ló kọ ìtàn náà nípa ìdílé tó mọ̀. Bí a bá ní kó dákẹ́ kí òyìnbó má baà gbọ́, ohun tí wọ́n sọ fún Celie náà la tún sọ fún un.

A ń wò ó lọ́wọ́, ẹnì kan láàárín wa bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún, kò sì lè dákẹ́. Kí ni ká ṣe?

Ẹ pa fíìmù náà. Ẹ má bi í ní nǹkan kan níwájú àwọn ènìyàn. Kí ẹnì kan tó fọkàn tán bá a jókòó síbòmíràn, kó gbọ́ ọ, kó má sì sọ fún un pé kó lọ bẹ ọkọ. Ní Nàìjíríà tiwa, òfin ti wà: Èkó ní òfin tó lòdì sí ìwà ipá nínú ilé láti 2007, òfin VAPP ti ìjọba àpapọ̀, tó lòdì sí ìwà ipá sí ènìyàn, sì jáde ní 2015, tí ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ sì ti ṣe irú tiwọn lẹ́yìn rẹ̀. Ohun tí Celie kò ní nìyẹn. Wíwá ẹni tí yóò tẹ̀ lé e lọ fẹjọ́ sùn ló máa ń ṣòro jù.

Kò yẹ kí ọmọdé wò ó láìsí àgbàlagbà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Kí ni àwọ̀ elése àlùkò inú orúkọ fíìmù náà ń sọ?

Shug ló sọ ọ́ nígbà tí wọ́n ń rìn nínú pápá òdòdó: pé inú máa ń bí Ọlọ́run bí ènìyàn bá gba ẹ̀gbẹ́ àwọ̀ yìí kọjá nínú oko tí kò wò ó. Ọlọ́run tí Celie ń kọ lẹ́tà sí nínú ìwé dà bí ọkùnrin òyìnbó arúgbó kan tí kì í dá a lóhùn. Shug ní Ọlọ́run kò jókòó síbì kan bẹ́ẹ̀, ohun tó dá ń pe ènìyàn láti wò ó.

Ṣé èpè ni Celie ṣẹ́ fún Mister?

Ọmọ Yorùbá wo ni kò ní pè é ní èpè? Ó na ìka sí i, ó ní títí ọjọ́ tó bá fi ṣe rere sí òun, gbogbo ohun tó bá dáwọ́ lé yóò dojú dé. Ọkùnrin náà bú u pé tálákà ni, dúdú ni, ó burẹ́wà, obìnrin lásán ni. Celie dáhùn láti inú mọ́tò pé tálákà ni òun, dúdú ni òun, òun tilẹ̀ lè burẹ́wà, ṣùgbọ́n òun wà níbí. Oko Mister sì bàjẹ́ lóòótọ́, ilé rẹ̀ dọ̀tí, ọtí gbé e mì. Ẹ lè pè é ní èpè. Ẹ sì tún lè wò ó pé ẹni tó ń gbé ilé náà ró láti ọdún yìí wá ló jáde.

Ṣé ó yẹ ká dárí ji Mister níparí?

Ní ìparí fíìmù, ó gba lẹ́tà kan láti ọ́fíìsì ìwọ̀lú, ó hú owó tó fi pamọ́ jáde, ó sì lọ ṣe ètò tí Nettie àti àwọn ọmọ Celie fi lè padà wálé. Ìwé ṣe é lọ́nà míràn: òun àti Celie jọ ń jókòó ní ìta ilé, wọ́n ń ránṣọ, Celie ń rán ṣòkòtò tó fi ń jẹun, òun ń rán ṣẹ́ẹ̀tì tó lè bá a mu. Ó ní kí wọ́n tún fẹ́ra, Celie ní rárá, kí wọ́n ṣọ̀rẹ́.

Èmi fẹ́ràn ti ìwé, nítorí ibẹ̀ ni Mister ti jókòó tó fetí sí obìnrin náà. Ṣùgbọ́n fíìmù náà kò parọ́ nípa ohun tí owó ọkọ̀ lè san. Kò sẹ́ni tó pè é wá síbi ayọ̀ náà. Celie àti Nettie, àgbàlagbà méjì, dúró nínú pápá ní ìrọ̀lẹ́, wọ́n ń pa àtẹ́wọ́ tí wọ́n máa ń pa ní kékeré. Mister gba ẹ̀yìn wọn kọjá pẹ̀lú ẹṣin rẹ̀, ó sì ń lọ.